Ẹ̀bẹ̀ sí Àwọn Gómìnà Wa: Ẹ Fún Wa Ní Ilé Ẹ̀kọ́ 137

Ẹ̀yin Gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ jókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ wọ̀nyí, àti ẹ̀yin kọmíṣọ́nnà tí ètò ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ni mo kọ ìwé yìí sí.

Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 31 ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú, kíláàsì kìn-ín-ní àti ìkejì ni mo sì pẹ́ sí jù. N kò wá ipò, n kò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ohun tó gbé mi dìde ni ìpinnu tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì. Ó ti di kí a pa èdè abínibí tì gẹ́gẹ́ bí èdè ìkọ́ni. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ ni oorun kò ti kún ojú mi dáadáa, nítorí mo mọ irú ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà yóò kàn. Mo ti bá wọn jókòó lórí ẹní.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun nípa èdè. Ọ̀gbẹ́ni Adamu Adamu, tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ló jáde sọ fún wa pé láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, èdè ìyá ọmọ tàbí èdè àdúgbò rẹ̀ ni kí a máa fi kọ́ ọ. Inú wa dùn. Àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì pe ara wa lórí fóònù lọ́jọ́ náà bí ẹni tó bímọ. Àmọ́ kò pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi fagi lé e. Àkúrẹ́ ni Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ti ṣe ìpàdé tí wọ́n ti fẹnu kò sí i. Mo dárúkọ Àkúrẹ́ nítorí pé orí ilẹ̀ wa ni, àti nítorí pé àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ láti ìpínlẹ̀ gbogbo, títí kan tiyín, ní àga nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ìdí tí mínísítà tó wà níbẹ̀ báyìí, Dókítà Tunji Alausa, fi lélẹ̀ ni pé àwọn agbègbè tó ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá mi mínísítà, n kò sì ní sọ pé àwọn ọmọ wa kò fìdí rẹmi. Wọ́n ń fìdí rẹmi, ó sì ń dun gbogbo wa. Ìṣirò tíṣà kíláàsì kejì nìkan ni mo fẹ́ bá a ṣe. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìn-ín-ní ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìlànà náà ti jáde, kíláàsì kẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ nígbà tí wọ́n fagi lé e. Ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́fà ní girama: ọdún 2035 ni yóò tó jókòó fún WAEC. Ọmọ wo wá ni ìlànà yìí mú fìdí rẹmi? Àwọn tó ń ṣe ìdánwò lónìí kò kàwé lábẹ́ rẹ̀ rárá.

Wọ́n lè sọ fún mi pé láti ọdún 1977 ni Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti ní kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé. Àmọ́ ẹ wá bi àwa tí a wà nínú kíláàsì. Ní gbogbo ọdún 31 tí mo fi ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó fún mi ní ìwé ìṣirò kan ṣoṣo tí a fi Yorùbá kọ. Kò sẹ́ni tó pè mí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan lórí bí a ṣe ń fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, Gẹ̀ẹ́sì ni ìbéèrè ìdánwò; Yorùbá wá di ohun tí a ń jí sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá yé ọmọ, tí a ó sì wẹ̀yìn bóyá alábòójútó ń bọ̀. Ohun tí a kò tíì gbìn, a kò lè sọ pé kò so.

Ibì kan wà tí wọ́n ti gbìn ín lóòótọ́. Ilé wa níbí ni.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n kó àwọn ọmọ kan jọ, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ nípa àwùjọ, gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́, olùkọ́ tó sì mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ni wọ́n fi kọ́ wọn. Àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n fi wé wọn ń kàwé bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin. Wọn kò fi ẹnu lásán ṣe é. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ìwé, wọ́n wá orúkọ fún ohun tí kò tíì ní orúkọ ní Yorùbá, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ kí wọ́n tó kọ́ ọmọ.

Nígbà tí wọ́n wọn àbájáde rẹ̀, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà ta àwọn yòókù yọ. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Wọ́n ṣe dáadáa nínú rẹ̀ ju àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin lọ. Ní ọdún 1989, wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní ìwé nílùú Ìbàdàn. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà. Káàkiri àgbáyé ni àwọn onímọ̀ ti ń tọ́ka sí ohun tí wọ́n ṣe ní Modákẹ́kẹ́. Èyí ló ń ká mi lára jù lọ: àwọn mìíràn ń fi oko wa ṣe àpẹẹrẹ, àwa tí a ni oko ti jẹ́ kó di igbó.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni ọmọ tí kò fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ṣe máa mọ Gẹ̀ẹ́sì ju ẹni tó fi í kàwé lọ. Ohun tí mo rí lójú ara mi ni mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ kan, mo ń kọ́ kíláàsì kejì ní ìṣirò pípín. Mo kọ 17 sójú pátákó, mo ní kí wọ́n pín in sí ọ̀nà 5. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun tó máa ń ṣẹ́ kù títí ohùn mi fi há. Àwọn ọmọ kàn ranjú mọ́ mi. Mo wá gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo ní, "Ẹ gbọ́, màmá yín ra ọsàn 17 lọ́jà, ó ní kí ẹ̀yin ọmọ márùn-ún pín in dọ́gba-dọ́gba. Mélòó ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, mélòó ló máa ṣẹ́ kù?" Kíláàsì hó yèè: mẹ́ta-mẹ́ta, ó ku méjì! Ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá tilẹ̀ nàwọ́, ó ní màmá àwọn ni yóò mú méjì tó kù. Orí ọmọ yẹn kò kú nígbà kankan. Èdè ló dínà mọ́ ọn. Ọmọ tí ìṣirò bá ti yé, ohun tó kù fún un láti kọ́ kò ju orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é lọ. Èyí tí a fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ fún ń kọ́ ohun méjì pọ̀, kò sì ní mú ọ̀kan dání délé.

Ẹ tilẹ̀ wo bí àwọn baba wa ṣe ń ka nǹkan. Ọmọ tó bá lè pe 45 ní Yorùbá ti ṣe ìyọkúrò kó tó mọ̀ pé òun ń ṣe é: àádọ́ta ni yóò wò, yóò mú márùn-ún kúrò, ó di márùn-ún dín láàádọ́ta. Ogójì ni ogún méjì, ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta, ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin. Ìsọdipúpọ̀ nìyẹn, inú orúkọ lásán ló wà. Àwọn ìyá alátẹ tí kò wọ ilé ìwé rí ń fi ìṣirò yìí ṣẹ́ owó fún oníbàárà kí ọmọ girama tó yọ fóònù jáde. Lónìí, ẹ pe ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní ìgboro yín kí ẹ ní kó kà dé àádọ́ta ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní kọjá ogún.

Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tèmi náà kò ṣeé fi pamọ́. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, ó ń sunkún, ó ní kí n fún òun ní náírà 50 tí wọ́n bu lé òun. Mo ní, "Kí lo ṣe?" Ó ní òun sọ fànákúlà. Ohun tó sọ kò ju pé ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí báàgì òun. Mo san náírà 50 náà, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Ó ń bẹ̀rù. Ọmọ ń bẹ̀rù èdè ìyá rẹ̀ nínú ilé baba rẹ̀, ẹ̀yin àgbà wa. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kò tíì pa èdè abínibí tì rárá nìyẹn o. Báwo ni yóò ti wá rí nísinsìnyí tí àwọn olùdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti rí ọ̀rọ̀ mínísítà dì mú?

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà ní Èkó, 20 ní Ògùn, 33 ní Ọ̀yọ́, 30 ní Ọ̀ṣun, 18 ní Oǹdó, 16 ní Èkìtì. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 137. Mò ń bẹ̀ yín, ẹ yan ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan péré ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún iṣẹ́ Fáfúnwá ṣe níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ilé ẹ̀kọ́ 137. N kò sọ pé kí ẹ yí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ padà lọ́jọ́ kan, nítorí ohun tó ba ìlànà ọdún 2022 jẹ́ nìyẹn: wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè láìsí ìwé, láìsí olùkọ́. Ẹ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ní gbogbo iṣẹ́. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, tí kò ní í kọ́ iṣẹ́ mìíràn, láti kíláàsì kìn-ín-ní. Bí wọ́n bá dé kíláàsì kẹfà, ẹ fún àwọn àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yòókù ní ìdánwò kan náà, kí ẹ sì gbé èsì rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Bí èsì náà bá fi hàn pé èmi ni mo ṣìnà, n ó gbà. Bó bá sì jẹ́ pé Fáfúnwá ló jàre lẹ́ẹ̀kejì, a ó ní ohun tí a lè gbé lọ sí Àbújá.

Àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ìwé òfin ọdún 1999 fi ètò ẹ̀kọ́ sí ibi tí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jọ ní ọwọ́ sí, ìkáwọ́ ẹ̀yin àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì wà. Èkó ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe: ní ọdún 2018, wọ́n ṣe òfin tó sọ Yorùbá di iṣẹ́ dandan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wọn sì ti sọ ọ́ di àṣà láti fi Yorùbá jíròrò ní Ọjọ́bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí òfin náà ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì, kí àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún yòókù sì ṣe irú rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ kedere pé ilé ẹ̀kọ́ kankan kò gbọdọ̀ gba owó ìtanràn tàbí na ọmọ nítorí pé ó sọ èdè abínibí rẹ̀.

Mo mọ ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn òbí, torí wọ́n máa ń wá bá mi. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ wà, Gẹ̀ẹ́sì ni fíísà wà. Wọn kò jayò pa. Ìdí rẹ̀ gan-an ni mo fi ní kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dáńgájíá wà ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan; ọ̀pọ̀ ọmọ wa lónìí ló ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu olùkọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì kò dán mọ́rán lẹ́nu òun alára. Àwọn kan yóò ní Èkó kún fún Íbò, Haúsá àti oríṣiríṣi ẹ̀yà. Ẹ yan àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọ Yorùbá nílé. N kò sì fẹ́ kí a fi Yorùbá tẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ wá: ọmọ Ẹ̀gùn ní Bàdágìrì àti ọmọ ẹ̀yà Ìjọ (Ijaw) ní etí òkun Oǹdó ní ẹ̀tọ́ sí èdè ìyá tiwọn. Ní ti ẹ̀ka èdè, Yorùbá tí a fi ń kọ ìwé ti wà fún gbogbo wa tipẹ́. Ọmọ Èkìtì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Ẹ̀gbá jọ ń ka Bíbélì kan náà láti ọdún 1884.

Ìwé ni yóò gba agbára jù, níbẹ̀ gan-an sì ni ìjọba ti lè ṣe ohun tí kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é. Mo bẹ̀ yín, ẹ rántí bí a ṣe rí Fágúnwà. Tíṣà bí èmi ni. Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìgbà náà ló ṣètò ìdíje ìwé kíkọ, òun náà sì kọ tirẹ̀ ránṣẹ́. Ibẹ̀ la ti rí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní ọdún 1938, tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Bákan náà, J. F. Ọdúnjọ tó kọ Aláwìíyé, ìwé ìkàwé àwọn ọmọdé, ṣe mínísítà ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà rí. Àwọn tó ń ṣèjọba nígbà náà mọ̀ pé ìwé ọmọdé jẹ́ iṣẹ́ ìjọba. Kí ẹ̀yin gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pawọ́ pọ̀, kí ẹ kéde ìdíje fún ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá, kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹfà, kí ẹ sì ṣèlérí pé ẹ ó ra ìwé tó bá gba ẹ̀bùn fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ 137 náà. Àwọn òǹkọ̀wé wà. Àwọn atẹ̀wé ní Ìbàdàn ń wá iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá kò ṣòro bí a ti rò, torí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ti fi ọ̀nà hàn wá láti ọjọ́ tó ti pẹ́, nínú àkójọ èdè-ìperí tí wọ́n ṣe fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Àkójọ náà wà nínú ìwé, eruku ló bò ó.

Ní ti olùkọ́, ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀nà jíjìn. Ẹ pe àwa tí a ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ wa ṣì lè dìde, a ó sì wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ohun tí a mọ̀, bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ nìkan lẹ fún wa.

Mo bẹ ẹ̀yin gómìnà Kwárà àti Kogí náà, nítorí àwọn ọmọ Ìgbómìnà àti Òkun tó wà lábẹ́ yín: bí àwọn mẹ́fà bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe dúró sẹ́yìn. Mo sì bẹ ọ̀gá mi mínísítà, bí ìwé yìí bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n má ṣe rí ẹ̀bẹ̀ yìí bí orí kunkun. Kí wọ́n fún wa láyè láti dán an wò ni.

Ẹ̀yin kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó pọ̀ kí sáà ìwé tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ 137 náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí yóò wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní oṣù Kẹsàn-án ti wà nílé báyìí, wọ́n ń ṣeré lẹ́yìnkùlé, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì.